RAM 8GB tí kọ̀ǹpútà Àǹtí onítáípù kọ̀: bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Sábó, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sì ká mi lára gan-an torí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ti rí i: èèyàn á ra RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, á fi sí i, kọ̀ǹpútà ò ní tàn, ẹnì kan á ní bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ so mọ́, ti kú, wọ́n á gbé e jù sí kọ̀rọ̀, wọ́n á lọ wá owó tòkunbọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù ọ̀hún ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ìwé iṣẹ́ mi ni mo kọ ọ́ sí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe lè tò ó fún yín látìbẹ̀rẹ̀.

Àǹtí onítáípù la máa ń pe ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà ládùúgbò. Wọ́n máa ń tẹ project fún àwọn ọmọ yunifásítì LASUSTECH, wọ́n ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, stíkà, program òkú, ẹ sì mọ̀ pé ní Ìkòròdú níbí Sátidé kan ò lè kọjá kéèyàn má rí kánópì méjì mẹ́ta lójú títì, iṣẹ́ wọn ò mọ ọjọ́ ìsinmi. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀ ni HP Compaq Elite 8300, èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF yẹn, tòkunbọ̀ ni, processor (ọpọlọ ẹ̀) i5-3470, RAM 4GB ẹyọ kan, hard disk 500GB, Windows 10. Ẹ̀rọ gidi ni o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó ti gbó, lóòótọ́ 2012 ni Intel gbé processor yẹn jáde, àmọ́ fún CorelDRAW tí wọ́n fi ń ya ìwé ìpè àti Word àti Chrome agbára ẹ̀ ṣì tó dáadáa, ebi RAM ló ń pa á.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà." Bí wọ́n ṣe sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n pè mí. Mo dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, èèyàn méjì ló jókòó, ọ̀kan ń dúró de program òkú bàbá ẹ̀, fọ́tò bàbá náà ti wà lójú CorelDRAW tí wọ́n fi òdòdó yí i ká, àmọ́ tí Àǹtí bá ti fẹ́ fà á sápá kan díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á dúró gbagidi, máòsì ò ní lọ, ojú kọ̀ǹpútà á funfun, Àǹtí á ká ọwọ́ mọ́yà, wọ́n á máa bẹ kọ́sítọ́mà. Mo wò wọ́n, àánú wọn ṣe mí. Wọ́n ní ẹnì kan ti bá àwọn fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní vírọ́ọ̀sì ni, ó sì gbowó lẹ́ẹ̀mejèèjì, á dáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á tún padà síbi tó wà.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager tí Windows fi ń sọ ohun tó ń lo ẹ̀rọ jáde, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀: memory, ìyẹn RAM, wà ní 95%, disk wà ní 100%. Disk yẹn làwọn kan máa ń rí tí wọ́n á ní hard disk ti bàjẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí. RAM dà bí àtẹ tí aláta fi ń pàtẹ síwájú, hard disk dà bí stóò tó wà lẹ́yìn ilé. Tí àtẹ bá kéré, tí ẹlẹ́ran, ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́lùbọ́ sì fẹ́ pàtẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, aláta á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà kan wọlé kó lè gbé òmíràn jáde, tí oníbàárà bá wá béèrè èyí tó kó wọlé, á tún sáré lọ gbé e, gbogbo ọjọ́ ẹ̀ á lọ sí lílọ bíbọ̀. Ohun tí Windows ń ṣe nìyẹn tí RAM bá kún, ó ń kó ohun tí kò gbà sórí hard disk, hard disk ò sì lè yá bíi RAM láéláé. Ẹ̀wẹ̀, i5-3470 ò ní káàdì àwòrán tó dá dúró, Intel HD 2500 tó wà nínú ẹ̀ ló ń fi àwòrán hàn, inú RAM 4GB yẹn náà ló sì ti ń bù jẹ. Kò sí vírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, kò sì sóhun tí fọ́máàtì fẹ́ ṣe sí i.

Mo sọ fún Àǹtí pé RAM la máa fi kún un. Inú bọ́ọ̀dù yẹn, slot RAM (ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀) mẹ́rin ló wà, 8GB lèyí tó tóbi jù tí slot kan lè gbé, ìyẹn 32GB tí gbogbo ẹ̀ bá kún. Wọn ò nílò ìyẹn, 8GB ẹyọ kan kún 4GB tó wà níbẹ̀ á fún wọn ní 12GB, ó tó wọn jẹ, owó ẹ̀ ò sì ní ni wọ́n lára. Windows wọn náà, 64-bit ni, mo ti wò ó, torí tó bá jẹ́ 32-bit ni, ẹ̀ báà kó 32GB sí i, kò ní lè lò kọjá 4GB.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe rèé, mo sì gbà á. Wọ́n ń dúró dè mí níbi iṣẹ́ kan ní Èbúté, ọkàn mi ti wà lọ́nà, mo kàn sọ fún àbúrò Àǹtí lọ́kùnrin, ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, pé, "Ra 8GB DDR3, ti desktop o, má ra ti laptop." Ọmọ náà kọ ọ́ sínú fóònù. Ó sì ra ohun tí mo sọ fún un gẹ́lẹ́. 8GB ni lóòótọ́, DDR3 ni (ìran RAM tí bọ́ọ̀dù náà ń lò), ti desktop ni.

Ó kọ́kọ́ bi mí nírọ̀lẹ́ yẹn pé ṣé kì í ṣe DDR4 ló yẹ ká rà, ṣebí òun ló tuntun. Ìbéèrè tó dáa ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. DDR4 ò lè wọ bọ́ọ̀dù DDR3 rárá, ẹsẹ̀ wúrà 240 ló wà nídìí RAM DDR3 ti desktop, 288 ló wà nídìí DDR4, ojú kíkù tí wọ́n gé síbẹ̀ kì í sì í ṣe ojú kan náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà kẹ́nikẹ́ni má baà fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́. Iná tí wọ́n ń jẹ náà yàtọ̀, 1.5V ni DDR3, 1.2V ni DDR4. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe RAM rí báyìí ni, tí kò ní wọlé rárá, wàhálà ò bá mọ níwọ̀n. Èyí tó ń dá èèyàn láàmú lèyí tó wọlé geerege, tó ṣe kọ̀ọ́ nínú slot, tí kò wá ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì òjò ń rọ̀, mo kàn rí kẹ̀kẹ́ márúwá tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀rá méjì we é, òun fúnra ẹ̀ ti rin gbindingbindin. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà mí o, mo ti ba kọ̀ǹpútà àǹtí mi jẹ́." Ó lóun fi RAM tuntun sí i, òun tàn án, ó ń han, iná pupa ń ṣẹ́jú níwájú, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ó padà lọ bá ẹni tó tà á, onítọ̀hún ní RAM òun dáa, bọ́ọ̀dù wọn ló ti kú tẹ́lẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò jẹ́bi ẹ̀. Ọmọ yẹn ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo tàn án. Bíìpù, bíìpù, bíìpù, bíìpù, bíìpù, márùn-ún, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, iná ojú tan-an-pa sì ń tan pupa tẹ̀ lé e. Lórí HP oníléeṣẹ́ bí irú èyí, bíìpù márùn-ún pẹ̀lú iná pupa túmọ̀ sí pé RAM ni ẹ̀rọ ń ké lé lórí, kò tiẹ̀ tíì dé ibi tó ti máa fi àwòrán hàn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó bá kú kì í sọ ibi tó ń dùn ún.

Mo yọ wáyà iná, mo tẹ ojú tan-an-pa mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀ jáde tán, mo fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀ kí iná ara mi náà lọ, mo yọ RAM tuntun yẹn, mo dá 4GB àtijọ́ nìkan padà sáyè ẹ̀. Ó tàn. Windows wọlé. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ó ku RAM tuntun. Mo fi írésà pẹ́ńsù ra ẹsẹ̀ wúrà ẹ̀ tójú méjèèjì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá slot, torí eruku ọ̀nà wa yìí kì í ṣeré, mo wá gbìyànjú ẹ̀ lóun nìkan nínú slot àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Bíìpù márùn-ún nínú gbogbo ẹ̀. Kò sí slot tó gbà á. Ẹlòmíì á dúró níbí, á ní RAM ti kú, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí mo ti rí irú ẹ̀ rí. Mo ní desktop kan tí ẹnì kan gbé wá fún àtúnṣe, AMD ni processor ẹ̀, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe processor bíi Intel, DDR3 lòun náà ń lò. Mo ki RAM yẹn bọ̀ ọ́, mo tàn án, ó wọlé láìsí bíìpù kankan, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé 8192MB.

RAM kan náà, ó kú lára Intel, ó jí lára AMD. Ọmọ náà ní kí n tún un ṣe kóun rí i dáadáa, mo sì tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí ibi tọ́rọ̀ wà nìyí, àwọn tó ń tà á gan-an ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí processor bá nawọ́ sí RAM, bit 64 ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kà á sí pé ẹrù 64 ni wọ́n fẹ́ gbé sọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn chip dúdú dúdú tó wà lára RAM sì ni alábàárù. Alábàárù kan wà tó ń gbé ẹrù 8 lẹ́ẹ̀kan, àwọn yẹn ni wọ́n ń kọ x8 fún. Mẹ́jọ irú wọn ti tó ẹrù 64. Tí RAM bá wá ní chip 16 irú èyí, á jẹ́ pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n, mẹ́jọ á ṣiṣẹ́, mẹ́jọ á dúró de tiwọn, ìyẹn ni ẹ máa rí lórí stíkà bíi 2Rx8, 2R ni ọ̀wọ́ méjì. Alábàárù mìíràn wà tó jẹ́ ẹrù 4 péré ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, x4 nìyẹn, orí RAM sáfà, ẹ̀rọ ńlá àwọn iléeṣẹ́, ló pọ̀ sí jù. Ó di kí mẹ́rìndínlógún wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹrù 64 tó pé. Tí ẹ bá ka chip, 16 ni níbí, 16 ni lọ́hùn-ún, tí ẹ bá ka GB, 8 ni níbí, 8 ni lọ́hùn-ún. Ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àmọ́ processor Intel tó wà nínú desktop irú èyí, x8 àti x16 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pè, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe x4. Àwọn AMD ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí RAM DDR3 8GB kan tówó ẹ̀ rọjú ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, tí wọ́n kọ AMD sí níbì kan, tàbí tí wọn ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan sí.

Ti Àǹtí yìí, wọn ò kọ nǹkan kan sí. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ra. Stíkà funfun, 8GB, DDR3, 1600, ó tán. Kò sí 2Rx8, kò sí 1Rx-kí-ni, kò sí lẹ́tà kankan lẹ́yìn nọ́ńbà. Mo wá sún kámẹ́rà mọ́ ara chip fúnra ẹ̀, ìwé tó wà níbẹ̀ kéré débi pé ó di ìgbà tí mo yí i sápá kan kí iná tó mú un: K4B4G04, lẹ́yìn náà 46. Chip Samsung ni, chip náà ò sì ní àbùkù kankan, ohun tó jẹ́ ló wà lára ẹ̀. Nínú nọ́ńbà Samsung fún DDR3, K4B4G ní kí ẹ mọ̀ pé gigabit 4 ni chip kan, 04 tó tẹ̀ lé e ni x4. Tó bá jẹ́ K4B4G08 ni, x8 nìyẹn, òun là ń wá. Ti Hynix náà ní tiẹ̀, H5TQ4G8 ni x8, H5TQ4G4 ni x4. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, 0-4 dípò 0-8, òun ló lé oorun lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo wá fi RAM 4GB àtijọ́ ti Àǹtí hàn án, mo ní kó kà á sókè. Ó kà á: "4GB 1Rx8 PC3-12800U." Mo ní gbogbo ohun tó yẹ kí n kọ fún ẹ lánàá ti wà níbẹ̀ yẹn, mi ò kàn kọ ọ́ ni, má bínú. PC3 ni DDR3. 12800 yẹn, 1600 ni wọ́n fi sọ 8 di púpọ̀, ìyẹn megabyte 12800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bákan náà ni 10600 jẹ́ ti 1333. Ẹ lè da 1333 pọ̀ mọ́ 1600, á ṣiṣẹ́, àmọ́ èyí tó yá á rọra bá èyí tí kò yá rìn. U tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló ń sọ pé ti desktop lásán ni. Tí ẹ bá rí R níbẹ̀, PC3-12800R, ẹ dá a padà, ti sáfà ni, kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí láéláé, bó ti wù kówó ẹ̀ wálẹ̀ tó. E náà, ti ECC ni, RAM tó ń tún àṣìṣe ara ẹ̀ ṣe, chip mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lẹ máa kà lára ẹ̀ dípò mẹ́jọ mẹ́jọ, i5-3470 ò lò ó.

Òjò dá, àwa méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Mi ò ní sọ ibẹ̀, kò wúlò. Mo kí wọn dáadáa, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ kú ọjà, RAM yìí la gbé wá. Ẹ̀gbọ́n náà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀. "RAM ni RAM ń jẹ́ o, bọ̀ọ̀dá mi. Tí bọ́ọ̀dù bá ti kú, ti wa kọ́." Mi ò bá wọn jiyàn. Mo rí desktop Dell kan tí wọ́n ń tà níbẹ̀, Intel ni, DDR3 ni, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi sínú tiyín yìí ká jọ wò ó. Wọ́n fi sí i. Kò tàn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tún fi sí i, kò tàn. Wọ́n wò mí lójú. Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún ẹ̀yin, mo fi nọ́ńbà ara chip hàn wọ́n, wọ́n ní àpò kan gbáko lòun kó irú ẹ̀ láti Ikeja, wọn ò sọ fóun pé ó lóhun tó ń bá rìn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Èèyàn tó fẹ́ rẹ́ni jẹ ò ní gbà ká dán an wò nínú ọjà tiẹ̀.

Wọ́n kó òmíràn jáde ká ṣà nínú ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n mú, 8GB, chip mẹ́jọ péré, ojú kan ṣoṣo ló wà, òdìkejì ṣófo. Ọmọ náà ti fẹ́ gbà á, mo dá a dúró. Chip mẹ́jọ tó di 8GB, á jẹ́ pé gigabit 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn (gigabit 8 ló ń di GB kan), àwọn Intel DDR3 ti desktop títí dé generation kẹrin ò mọ chip DDR3 tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, 3rd generation sì ni tiwa. RAM tuntun ni, ó dáa fún ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ gbà á. Tiwa ò gbà á. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún èèyàn pé fún ẹ̀rọ ayé i3, i5, i7 àtijọ́ wọ̀nyí, tí ẹ bá ń wá 8GB ẹyọ kan, 2Rx8 ni kẹ́ ẹ máa wá, chip 16, mẹ́jọ níwájú mẹ́jọ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì rí i pé stíkà sọ ọ́ jáde.

Èyí tá a mú nígbẹ̀yìn wà nísàlẹ̀ páálí, stíkà ẹ̀ ti ya létí: 8GB 2Rx8 PC3L-12800U. Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn ní L o, ti àtijọ́ yín ò ní L. Wọ́n ti ń fara balẹ̀ wo stíkà wàyí, inú mi dùn sí i. L yẹn, iná tó kéré ló ń jẹ, 1.35V, àmọ́ wọ́n ṣe é kó lè jẹ 1.5V náà, torí náà ó ń bá bọ́ọ̀dù tí 1.5V ni tiẹ̀ ṣe láìsí ìjà. Òdìkejì ẹ̀ ló léwu, àwọn laptop kan wà tó jẹ́ 1.35V nìkan ni wọ́n mọ̀, tí ẹ bá fi èyí tí kò ní L sí wọn, wọn ò ní tàn. A fi sínú Dell wọn, ó tàn. Ká tó sanwó nìyẹn o. A fi owó díẹ̀ lé e, torí èyí wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì gba ti AMD padà láìsí ariwo, mo tiẹ̀ bá wọn fi báírò kọ AMD NÌKAN sára ọ̀rá ẹ̀.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Slot mẹ́rin tó wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí, méjì méjì, ohun tó dáa ni kí 4GB wà lọ́nà kan kí 8GB wà lọ́nà kejì, ẹ má kó àwọn méjèèjì sójú kan. Bí iye wọn ò tiẹ̀ dọ́gba, Intel á so 4GB pọ̀ mọ́ 4GB nínú 8GB yẹn kí wọ́n jọ máa sáré, 4GB tó kù á máa dá rìn. Mo jẹ́ kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ fi sí i. Ó ṣí etí slot méjèèjì, ó wo ojú kíkù kó bá ara mu, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lórí lọ́tùn-ún lósì títí etí ẹ̀ fi padé fúnra wọn, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó tàn án. Kò sí bíìpù. Ìwé kan jáde lójú ẹ̀: 164-MemorySize Error. Ó pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, error!" Mo ní ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ẹ̀rọ kàn ń sọ pé RAM tóun bá níbí lónìí kì í ṣe iye tóun mọ̀ lánàá ni, tẹ F1. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tún sọ ọ́ mọ́.

Mi ò jẹ́ kó gbé e lọ lọ́jọ́ náà. RAM tòkunbọ̀ lè tàn kó sì ní ibì kan tó ti jẹrà nínú, tí kò ní fara hàn àfi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ojú kọ̀ǹpútà á kàn búlúù lójijì, iṣẹ́ kọ́sítọ́mà á sì lọ. Mo ki Memtest86+ sórí flash, mo fi tàn án, mo ní kó máa yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Iná lọ láàárín, ó di kí n tún un bẹ̀rẹ̀ lórí inverter. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì títí ilẹ̀ fi mọ́, error òdo. Ẹni tí kò bá ní Memtest, Windows Memory Diagnostic wà nínú Windows fúnra ẹ̀, ẹ wá mdsched, òun náà ń gbìyànjú.

A gbé e padà fún Àǹtí láàárọ̀. Mo ṣí CorelDRAW pẹ̀lú program bàbá yẹn, Chrome pẹ̀lú WhatsApp, project ọmọ ilé ìwé kan nínú Word, gbogbo ohun tó pa á lọ́jọ́sí. Task Manager ní 12.0GB, 1600MHz, slot 2 nínú 4, memory ò dé 50%. Disk tó máa ń wà ní 100% ti rọlẹ̀. Àǹtí fa fọ́tò bàbá náà sọ́tùn-ún, wọ́n fà á sósì, wọ́n tún fà á sọ́tùn-ún. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kàn ń fà á. Wọ́n wá wúre fún mi, mo sì ṣe àmín. Mo sọ fún wọn pé tówó bá tún wá, SSD tó yá ju hard disk lọ ló kàn, torí títàn rẹ̀ láàárọ̀ ṣì máa pẹ́, RAM ò lè ṣe ìyẹn fún wọn.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé kékeré kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí ẹ̀: DDR3, U, 1600, 8GB gbọ́dọ̀ jẹ́ 2Rx8, slot méjì ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi á rí i.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà pè mí. Àǹtí ti ra ẹ̀rọ kejì, HP 8300 náà ni, àmọ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, USDT, wọ́n sì fẹ́ fi RAM kún un. Mo fẹ́ ṣí ẹnu kí n sọ fún un pé ìyẹn yàtọ̀, pé RAM kúkúrú bíi ti laptop ló ń lò, ẹlẹ́sẹ̀ 204, slot méjì péré. Ó ní, "Mo ti ṣí i, bọ̀ọ̀dá, mo ti rí i. Fọ́tò stíkà ẹ̀ ti wà lórí WhatsApp yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó kí n tó kúrò nílé."